Káàdì ràdíò tó ń kú léraléra lórí ọ̀pó: kí la ó yàn, kí la ó fi sílẹ̀?

Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni fóònù àwa tí a ń ṣe nẹ́tíwọ̀kì orí ọ̀pó máa ń dún jù. Ìjì á jà lálẹ́, àrá á sán, nígbà tí ilẹ̀ bá sì máa fi mọ́, ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under-G tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ìlọrin kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Wọ́n á gun ọ̀pó, wọ́n á yọ káàdì ràdíò tó wà nínú àpótí, èyí tó ń rán sígínà íntánẹ́ẹ̀tì jáde tó sì ń gbà á wọlé, wọ́n á fi tuntun sí i, ohun gbogbo á sì padà bọ̀ sípò. Kò ní pẹ́ tí èyí náà á kú. Wọ́n á tún ránṣẹ́ sí Ìkẹjà pé kí wọ́n bá àwọn ra òmíràn.

Ẹni tó ti ra káàdì bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Káàdì tó kú lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ọjà tí kò dára. Bí méjì bá kú lójú kan náà, nǹkan kan ló ń pa wọ́n níbẹ̀, nǹkan náà kò sì ní kúrò torí pé a pààrọ̀ káàdì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní fi káàdì kan wé káàdì kejì púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ohun tó yí káàdì ká ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: àpótí, arrestor (ohun tó ń da iná àrá sí ilẹ̀ kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ káàdì), earth (bàbà tí a rì mọ́lẹ̀ kí iná lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀), wáyà, àti iná tó ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni owó yẹ kó lọ.

Ẹ wo irú ikú tó kú

Ẹ má tíì ju káàdì tó bàjẹ́ nù. Òun ló máa sọ ohun tí ẹ ó yàn fún yín.

Òmíràn ṣì ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn mọ́. Ràdíò tó wà lódì kejì ń rí i dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun ń rí ẹnì kejì bí ẹni pé ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn: sígínà tó máa ń jẹ́ -60 ti di -80, ìyẹn ni pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Apá tó ń gbọ́ lára káàdì ló jó. Ohùn tó kéré gan-an la ṣe apá yẹn fún, nítorí náà iná díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Inú áńténà ni irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Ó lè jẹ́ àrá tó sán nítòsí, ó sì lè jẹ́ iná tí atẹ́gùn ọyẹ́ pẹ̀lú eruku gbígbẹ rọra ń kó jọ sára áńténà láìsí òjò kankan. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé, “Àrá kò sán, kí ló wá pa á?” Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní náà ń pa káàdì.

Òmíràn ń gbọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ibi tó ń ti ohùn síta ló lọ. Nígbà tí ẹ bá rí èyí, ẹ tú kọ̀nẹ́tọ̀ ara àpótí àti ti ẹ̀yìn áńténà wò. Ẹ ó sábà bá omi níbẹ̀, tàbí kí bàbà inú rẹ̀ ti dúdú, tàbí kí pigtail, ìyẹn wáyà kékeré tó ti ara káàdì lọ sí ara àpótí, ti yọ kúrò ní àyè rẹ̀. Agbára tí káàdì ń rán jáde kò wá rí ibi tó máa gbà lọ, ó ń padà sára ẹni tó rán an, ooru rẹ̀ á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Tí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ẹ̀rọ tí a ń ki káàdì bọ̀, kò bá rí káàdì rárá, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú bọ́ọ̀dù mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì kú. Iná tó ń dé òkè ló lè má tó o, pàápàá tí káàdì tó pọ̀ bá wà nínú àpótí kan náà.

Ìkẹyìn ni èyí tí káàdì yè, tó jẹ́ pé ojú ibi tí wáyà nẹ́tíwọ̀kì ń wọ̀ lára bọ́ọ̀dù ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Áńténà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wáyà tó ti inú ilé gòkè ló gbé iná náà wá, ẹni tó bá sì lọ pààrọ̀ áńténà nítorí ẹ̀ fi owó ṣòfò ni.

Àpótí pẹ̀lú áńténà ọ̀tọ̀, tàbí ràdíò alára-kan

Ọ̀pọ̀ ọ̀pó àtijọ́ ní ìlú yìí ṣì ń lo àpótí. Bọ́ọ̀dù kan wà nínú rẹ̀, irú RB433 ti MikroTik tó ní àyè fún káàdì miniPCI mẹ́ta. Pigtail ti ara káàdì lọ sí ara àpótí, wáyà tó nípọn ti ara àpótí lọ sí áńténà. Ràdíò alára-kan ni irú NanoStation ti Ubiquiti tàbí SXT ti MikroTik: ràdíò àti áńténà wà nínú ìkarahun kan, wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo ló ń gòkè lọ bá a, wáyà yẹn náà ló sì ń gbé iná lọ.

Ẹ ka oríkèé wọn. Ní ti àpótí, pigtail so mọ́ káàdì, ó tún so mọ́ ara àpótí. Wáyà nípọn so mọ́ àpótí, ó tún so mọ́ áńténà. Ibikíbi tí oríkèé bá wà, omi lè wọ̀ ọ́, ó sì lè tú. Kọ̀nẹ́tọ̀ kékeré u.FL tó wà lórí káàdì kò tilẹ̀ wà fún títú tí a ń tú u. Nǹkan bí ìgbà ọgbọ̀n ni wọ́n ṣe é láti wọlé jáde, lẹ́yìn ìyẹn kò ní di mọ́ra dáadáa mọ́. Ọ̀pó tí a ti pààrọ̀ káàdì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú pigtail kan náà, pigtail yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ràdíò alára-kan kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí.

Wáyà nípọn náà ń jẹ sígínà. Wáyà LMR-400, tó wà lára èyí tó dára, ń jẹ tó 3.5 dB (dB la fi ń wọn bí sígínà ṣe ń dínkù) nínú mítà mẹ́wàá tí a bá ń lo ìgbì ràdíò 5.8 GHz. 3 dB ti jẹ́ ìdajì agbára. Ẹni tó bá gbé àpótí sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀pó kí ó lè rọrùn fún un láti ṣí ti fi ju ìdajì agbára káàdì rẹ̀ tọrẹ kí ó tó dé áńténà. Ní 2.4 GHz ó sàn díẹ̀, nǹkan bí 2.2 dB ni mítà mẹ́wàá ń jẹ.

Àpótí ní tirẹ̀ tó dára, mi ò sì ní fi dù ú. Tí káàdì kan bá kú, káàdì yẹn nìkan lẹ ó rà. Ọ̀nà mẹ́ta lè ti orí ọ̀pó kan jáde. Tí ibi tí ẹ ń rán sígínà lọ bá jìnnà, ẹ lè lo áńténà ńlá tó bá wù yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé ẹ lè fi arrestor sí àárín áńténà àti káàdì, nígbà tí ràdíò alára-kan kò gbà yín láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí alára-kan bá sì kú, gbogbo rẹ̀ ló kú.

Nígbà náà, èwo? Tí káàdì yín bá ń kú ikú adití, tí ibi tí ẹ ń lọ kò sì kọjá ààrin ìgboro, bíi láti agbègbè Tákíè sí Under-G, ràdíò alára-kan ni mo fara mọ́. Wáyà gígùn tó ń kó iná wá bá káàdì ti kúrò láàárín, kọ̀nẹ́tọ̀ tó ń mu omi náà ti kúrò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ojú wáyà nẹ́tíwọ̀kì ló ń kú, ràdíò alára-kan kò yí ohunkóhun padà, nítorí wáyà kan náà ló ṣì ń gòkè lọ bá a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe ìyípadà yìí tí wọ́n á tún máa pariwo pé ràdíò tuntun kò dára. Èyí tó bàjẹ́ kò sí lára ràdíò.

Tí ẹ bá dúró ti àpótí, ẹ wo ooru rẹ̀. Afẹ́fẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lè kọjá ìwọ̀n 35 ti Celsius lọ́sàn-án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àpótí tí oòrùn ń pa ní tààrà á sì gbóná ju ìta lọ dáadáa. Àpótí funfun sàn ju dúdú lọ. Ẹ fi páànù kékeré ṣe ìbòji lé e lórí, kí àlàfo wà láàárín. Kí gbogbo wáyà ti ìsàlẹ̀ wọlé, kí ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí omi ìrì máa gbà jáde, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lójú rẹ̀ kí èèrà àti agbọ́n má baà fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Arrestor gáàsì àti arrestor quarter-wave

Arrestor gáàsì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí kì í gbé iná ní ọjọ́ lásán. Tí fólítì bá gòkè kọjá ìwọ̀n kan, 90 fólítì ni wọ́n sábà máa ń kọ sí irú tí a ń lò yìí, gáàsì náà á gbiná, á sì da iná náà sí ilẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún 2.4 àti 5 GHz pa pọ̀ tó bá jẹ́ èyí tó dára. Àmọ́ kí ó tó gbiná, díẹ̀ á ti kọjá sí ọ̀dọ̀ káàdì. Àti pé kì í sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti gba iná lọ́pọ̀ ìgbà, á máa dá bí ẹni pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dá ohunkóhun dúró mọ́. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ gbà pé òun á máa pààrọ̀ inú rẹ̀ kí ìgbà òjò tó dé.

Quarter-wave kò ní gáàsì, kò sì ní ohun tó ń rẹ̀. Bàbà kan ló wà nínú rẹ̀ tó so ààrin wáyà mọ́ ilẹ̀ nígbà gbogbo, tí a wọn gígùn rẹ̀ débi pé sígínà 5 GHz kò rí i bí ìsopọ̀, àmọ́ iná àrá, tí púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 1 MHz, rí i bí ọ̀nà tààrà lọ sí ilẹ̀. Iná kékeré tí ọyẹ́ ń kó jọ náà ń gba ibẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà, kò ní àyè láti pọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé èyí tí a ṣe fún 5 GHz kò ṣeé lò fún 2.4, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi iná ránṣẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ó sì máa ń wọ́n ju ti gáàsì lọ.

Fún ọ̀pó tó ń kú ikú adití léraléra ní ilẹ̀ wa yìí, quarter-wave ni mo yàn, mi ò sì ṣiyèméjì. Ọyẹ́ nìkan ti tó ìdí fún mi.

Ohun kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tú wáyà kúrò lẹ́yìn áńténà, ẹ fi mítà wọn láàárín pín-ìn àárín àti irin ara kọ̀nẹ́tọ̀ áńténà náà. Tí mítà bá dún pé wọ́n so pọ̀, áńténà yìí ti so mọ́ ilẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò ní kó iná ọyẹ́ jọ. Tí kò bá dún, ó ń kó o jọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra áńténà tuntun, ẹ gbé mítà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Áńténà méjì lè jọra wọn, kí iye wọn náà sún mọ́ra, kí ọ̀kan dún, kí èkejì má dún.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì náà ní arrestor tirẹ̀, méjì ló sì yẹ kó ní: ọ̀kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràdíò, ọ̀kan níbi tí wáyà ti fẹ́ wọ ilé. Ẹni tó fi ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀ ti dáàbò bo súìsì inú ilé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì, ó fi ràdíò sílẹ̀.

Earth

Arrestor tí kò ní ibi tó ń da iná sí, irin lásán ni. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà, ilẹ̀ Ṣàngó. Mi ò nílò láti ṣàlàyé agbára àrá fún ẹnikẹ́ni. Àrá kan tó bá sán sábà máa ń gbé iná tó ámpìà 30,000. Kò sí arrestor tó máa gba ràdíò là tí irú rẹ̀ bá bọ́ lé ọ̀pó lórí gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa káàdì wa kì í sábà jẹ́ èyí tó bọ́ lé wa lórí. Èyí tó bọ́ sórí igi tàbí òrùlé kan nítòsí ni. Ó ń ru iná sókè nínú gbogbo wáyà gígùn tó wà ládùúgbò, iná náà á sì máa wá ilẹ̀ bí àgbàrá ṣe ń wá odò. Tí a kò bá la ọ̀nà fún un, á gba inú káàdì kọjá. A kò lè ní kí àrá má wá; ọ̀nà tó máa gbà la lè yàn.

Àwọn kan so wáyà tín-ín-rín kan mọ́ irin òrùlé, wọ́n ní àwọn ti ṣe earth. Ẹ má ka ìyẹn kún rárá. Irin òrùlé ò dé ilẹ̀, ó kàn pín iná fún gbogbo ilé ni.

Àwọn mìíràn gbá ọ̀pá bàbà kan wọlẹ̀, nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀. Ìyẹn sàn. Ó máa ń dára gan-an nínú oṣù Kẹjọ nígbà tí ilẹ̀ bá rin. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìjì tó ń pa káàdì jù kì í wá nínú oṣù Kẹjọ. Ìjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ ni, ìjì tó ń gbá páànù lọ, tó ń sán àrá léraléra, ilẹ̀ ṣì gbẹ táútáú nígbà tó bá dé. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná wọlé dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ògbómọ̀ṣọ́, yangí ló wà lókè, àpáta ò sì jìnnà sísàlẹ̀, nítorí náà ọ̀pá kúkúrú ò ní dé ibi tí ọ̀rinrin wà. Earth tí a wọ̀n ní ìgbà òjò tó sì dára lè má wúlò lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀ gan-an. Ìparí oṣù Kejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ ni ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 1.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àlàfo àárín wọn má kéré sí gígùn ọ̀pá kan, kí a fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Tí àpáta kò bá jẹ́ kí ọ̀pá wọlẹ̀ lóòró, ẹ gbẹ́ kòtò gígùn kí ẹ tẹ́ bàbà sínú rẹ̀ lọ síwájú. Èédú àti iyọ̀ tí àwọn oníná wa máa ń dà sí kòtò earth wúlò lóòótọ́, torí èédú ń di omi mú. Ṣùgbọ́n òjò máa ń fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà sì ń jẹ bàbà, nítorí náà ẹ fi sọ́kàn pé ẹ ó tún un ṣe. Ẹ ní kí ẹni tó ní mítà earth wá wọ̀n ọ́n. Tí ìdènà rẹ̀ sí iná kò bá kọjá 10 ohm, mo gbà. Tó bá wálẹ̀ tó 5, inú mi á dùn.

Èyí tó kàn ni ohun tí mo rò pé ó ń pa ojú wáyà nẹ́tíwọ̀kì jù lọ ní ìlú yìí. Ọ̀pó ní earth tirẹ̀, ilé ní earth tirẹ̀, kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ó dà bí ohun tó mọ́gbọ́n dání, pé kí ti àrá má dé ọ̀dọ̀ ti ilé. Nígbà tí iná bá wọ earth ọ̀pó, fólítì ibẹ̀ á ga sókè fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, ti ilé á wà nísàlẹ̀. Kí ló so òkè mọ́ ìsàlẹ̀? Wáyà nẹ́tíwọ̀kì yín. Inú rẹ̀ ni iná máa gbà lọ láti dọ́gba, ràdíò ló wà ní orí wáyà kan, súìsì ló wà ní orí kejì. Ẹ so earth ọ̀pó, ti arrestor àti ti ilé pọ̀ mọ́ ara wọn pẹ̀lú bàbà tó nípọn, kí gbogbo wọn máa gòkè pọ̀, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ pọ̀.

Wáyà tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pó, kí ó tó 16 mm², kí ó sì lọ tààrà. Àrá kì í fẹ́ yípo. Mítà kan wáyà títọ́ pàápàá lè gbé fólítì ẹgbẹẹgbẹ̀rún sórí ara rẹ̀ lásìkò tí àrá bá ń kọjá, igun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣẹ́ sì ń fi kún un. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gé e. Ẹ má ká a jọ sídìí ọ̀pó.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì: ti inú ilé, ti ìta, bàbà, alumíníọ̀mù

Lórí ọ̀pọ̀ òrùlé ni mo ti rí wáyà aláwọ̀ eérú tí a ṣe fún inú ọ́fíìsì. Oòrùn á sán ara rẹ̀ ya, omi á wọ̀ ọ́, á sì máa gba inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ títí dé inú ràdíò tàbí adáptà. Èyí tó jẹ́ dúdú tí a ṣe fún ìta wọ́n jù ú lọ, àmọ́ kò sí ohun tó ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ ràdíò, kí omi máa kán síbẹ̀.

Wáyà tó ní aṣọ irin nínú dára ju èyí tí kò ní lọ fún orí ọ̀pó, tí ẹ bá lo orí kọ̀nẹ́tọ̀ onírin, tí aṣọ irin náà sì dé earth. Tí kò bá dé ibì kankan, owó rẹ̀ ti ṣòfò.

Bàbà tàbí alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò? Ẹ fi abẹ ha ojú wáyà kékeré kan. Tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù ni. Lórí 100 mítà, pẹ̀lú PoE (iná tí wáyà nẹ́tíwọ̀kì ń gbé lọ fún ràdíò) fólítì 24 tó ń fa ìdajì ámpìà, bàbà gidi ń pàdánù nǹkan bí fólítì mẹ́rin, alumíníọ̀mù ń pàdánù ju mẹ́fà lọ. Ràdíò á máa kú jí nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ ó sì rò pé káàdì ló ń bàjẹ́. Lórí ilé alájà méjì tí wáyà rẹ̀ kò gùn, ìyàtọ̀ yìí lè má hàn. Mi ò tilẹ̀ ní rà á síbẹ̀, nítorí ó máa ń ṣẹ́ níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́.

Káàdì alágbára ńkọ́?

Àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀ wá pé, “Ẹ̀ńjíníà, ẹ dákun, ẹ ra èyí tó lágbára ju èyí tó kú lọ.” Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Àmọ́ káàdì tó ń rán milliwatt 600 jáde ń fa iná ju kékeré lọ, gbogbo rẹ̀ sì ń ti ara bọ́ọ̀dù wá ní fólítì 3.3. Tí bọ́ọ̀dù kò bá lè pèsè rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn káàdì ara rẹ̀ á máa parẹ́. Ooru rẹ̀ pọ̀ sí i nínú àpótí. Tí kọ̀nẹ́tọ̀ bá lómi, agbára tó ń padà sára rẹ̀ náà pọ̀ sí i. Tí méjì bá wà lórí ọ̀pó kan tí áńténà wọn sún mọ́ra, ohùn ọ̀kan lè di etí èkejì. Lílágbára kò dáàbò bo káàdì lọ́wọ́ àrá rárá. Káàdì kékeré pẹ̀lú áńténà tó dára, tí a dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ, ni kí ẹ mú.

Iná

Adáptà tó wọ iná ìjọba tààrà ló rọ̀ jù lówó, òun náà ló sì ń gbé gbogbo ìṣòro iná wá sórí ọ̀pó: iná tó lọ sílẹ̀ lálẹ́, iná tó padà dé pẹ̀lú agbára lójijì. Bátìrì tí sólà ń gba iná sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fólítì rẹ̀ lọ sí 24, ya ràdíò kúrò lára iná ìjọba pátápátá. Ó wọ́n. Fún ibi tí iná kì í dúró sójú kan, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún adáptà fólítì 48. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù àtijọ́ kò gbà ju 28 lọ. Ẹ kọ fólítì sára adáptà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bírò tí kì í parẹ́.

Ilé kọ̀ọ̀kan àti èyí tó bá a mu

Ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Under-G tàbí Adéníkẹ, tó ń gba sígínà láti ibì kan ṣoṣo: ràdíò alára-kan, wáyà dúdú onírin, arrestor nẹ́tíwọ̀kì méjì, earth tó so mọ́ ti ilé. Ẹ má rà á ní méjì-méjì kí ẹ tó ṣe earth.

Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì fún ilé púpọ̀ láti orí ọ̀pó ńlá: àpótí lè dúró, pẹ̀lú quarter-wave lórí áńténà kọ̀ọ̀kan. Láti ìdí ọ̀pó dé inú ọ́fíìsì, ẹ fi fáíbà sí i dípò wáyà. Gíláàsì ni fáíbà, kì í gbé iná, nítorí náà ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pó kò ní rí i gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà yín. Kí ẹ ṣáà yàgò fún èyí tí wọ́n fi wáyà irin sínú rẹ̀ láti fún un lágbára, kí iná tó ń bọ́ ọ̀pó sì wá láti bátìrì tó wà nídìí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà iná á tún so wọ́n pọ̀ padà.

Ilé tí ẹ rẹ́ǹtì ló máa ń le jù. Àwọn onílé kan kì í gbà kí a gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá wọn, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé earth náà lè ṣèrànwọ́ láti dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tiwọn pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ má gbé ọ̀pó sórí òrùlé yẹn. Ẹ wá ilé mìíràn ládùúgbò tí wọ́n á ti gbà yín láyè, kí ẹ ti ibẹ̀ fa fáíbà wá.